Ọlọ Kọfí Bàbá Tíṣà

Owó tí wọ́n fi ra ọlọ kọfí Bàbá Tíṣà tó ra ẹ̀rọ ìlọta tuntun tòun ti ẹ́ńjìnnì, yóò sì tún ṣẹ́ kù tí a ó fi da kọnkéré sí ìdí ẹ̀rọ náà. N kò bù mọ́ ọn. Ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston ló rà á nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì fi rán ẹni tó ń bọ̀ wálé wá ṣe Kérésìmesì. Gbogbo wa ní Akárabátà ní Ifẹ̀ la lọ wò ó. Ẹ̀rọ dúdú kékeré kan ni, ó ń dán, ó wúwo ju bí ojú ti rí i lọ. Àbúrò Bàbá kan yí i síwá, yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n wá ń fi í lọ̀?" Bàbá ní kọfí. Àbúrò ní, "Kọfí nìkan?" Bàbá ní kọfí nìkan. Ni àbúrò bá gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Kọfí kì í ṣe àjèjì pátápátá sí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa. Kòkó ló kọ́lé fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan a máa gbin igi kọfí díẹ̀ sí etí oko kòkó, wọn a ká a, wọn a sá a, wọn a tà á. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, ìyẹn CRIN tó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ ní Ìbàdàn, kọfí wà lára ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lé lórí pẹ̀lú kòkó, obì, kajú àti tíì. Ẹni tó gbìn ín gan-an ni kì í mu ún. Bàbá Tíṣà máa ń sọ pé bàbá àwọn ká kọfí títí ọlọ́jọ́ fi dé, wọn kò tọ́ ọ wò rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi fẹ́ mu ojúlówó rẹ̀ kí àwọn tó kú, kì í ṣe èyí inú agolo tí a kàn ń bu omi gbígbóná lé lórí. Ìfẹ́ yẹn kò ní àléébù lójú tèmi. Ọlọ náà ni mo bá wá.

Bílẹ́ńdà, abẹ ló ní. Abẹ yẹn ń gé ohun tó bá bá: èyí tó sún mọ́ ọn á kúnná, èyí tó sá sẹ́yìn á ṣì wà ní hóró. Bí a bá fi irú kọfí bẹ́ẹ̀ po, èyí tó kúnná jù á korò, èyí tí kò kúnná á kan, ẹnu kan náà lèèyàn ó sì fi gba méjèèjì. Ọlọ gidi kì í gé nǹkan. Òrùka irin méjì tó ní eyín ló kọjú síra nínú rẹ̀, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń yí. Kọfí á bọ́ sí àárín níbi tí àyè ti fẹ̀, á máa sún lọ sí etí níbi tí àyè ti há, nígbà tí yóò bá fi jáde, kò lè tóbi ju àyè náà lọ mọ́. Gbogbo owó tí ọmọ yẹn san, àyè yẹn ló san án fún, pé kó há, kó sì dọ́gba yíká. Bí òrùka kan bá dagun, kódà kó jẹ́ èyí tí ojú kò lè rí, apá kan á máa lọ ìyẹ̀fun, apá kejì á máa ju hóró síta.

Ẹni tó bá ti dúró níwájú ẹ̀rọ ìlọta rí ti mọ gbogbo èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Irin pẹlẹbẹ méjì tó ní eyín ló wà nínú tiwa náà, ọ̀kan dúró, ọ̀kan ń yí, ọwọ́ irin kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí alọta fi ń fún un mọ́ra bí a bá ní kó kúnná sí i. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti ayé ẹ́ńjìnnì Lister, èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà náà ní Dursley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń dún pó-pó-pó káàkiri ọjà wa. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó náà, ọlọ àti irin mọ́tò kò jìnnà síra. Ìdílé Peugeot, àwọn kan náà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 wọn ní Kàdúná ní 1975, ti ń ta ọlọ kọfí ní 1840, bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó ṣe mọ́tò. Ní ti owó gegere tí àwọn èèyàn ń ná lé ọlọ inú ilé lóde òní, Matt Perger ọmọ Australia wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Nínú ìdíje àgbáyé àwọn apo-kọfí tí wọ́n ṣe ní Melbourne ní 2013, ọlọ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní EK43 ló gbé wá, èyí tí iléeṣẹ́ Mahlkönig ti ilẹ̀ Jámánì ń ṣe fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ipò kejì ló mú, síbẹ̀ láti ìgbà náà làwọn tó ń mu kọfí nílé ti ń fẹ́ eyín ńlá, eyín pẹlẹbẹ. Ṣé ẹ rí i, ohun tí wọ́n ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là wá kiri, ìbátan rẹ̀ ń bẹ ní ìkòríta wa, ó ń lọ tàtàṣé.

Àjálù àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ kan kọfí rárá. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, tiwa jẹ́ 230. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ra ẹ̀rọ tó ń dín iná kù mọ́ ọn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní sítẹ́pù-dáàǹ, ó sì lẹ bébà mọ́ wáyà ọlọ náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í sí ara ògiri ní tààrà. Wọ́n pa á mọ́ dáadáa, títí àwọn ọmọ-ọmọ fi dé láti Òṣogbo, tí wọ́n yọ sítẹ́pù-dáàǹ náà lọ sí yàrá láti fi ṣe géèmù kan tí wọ́n kó ti Amẹ́ríkà wá fún wọn. Bàbá jí ní ìdájí, wọ́n bá iná, wọn kò sì fẹ́ kí NEPA mú un lọ kí àwọn tó lọ kọfí. (Ó ti pẹ́ tí NEPA ti di IBEDC lọ́dọ̀ wa, ẹnu wa ni kò gbà.) Bébà ara wáyà ti bọ́. Wọ́n fi í sí ògiri. Wọ́n ní ó sáré ju bó ti ń sáré lọ, inú àwọn tilẹ̀ dùn, àwọn rò pé ara rẹ̀ ló yá lọ́jọ́ náà. Òórùn wáyà tó ń jó ló jí Màmá, ìyàwó Bàbá, lójú oorun. Mọ́tò mìíràn dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, nínú àpò ẹlòmíràn tó ń bọ̀ wálé. Ẹ jẹ́ ká fi iye rẹ̀ sílẹ̀.

Ti ẹ̀gúsí ló le jù. Àlejò ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ẹ̀rọ tó wà ní ìkòríta já bẹ́líìtì, bílẹ́ńdà Màmá sì ti ń rùn èéfín láti bí ọjọ́ mélòó kan. Iná wà. Ọlọ kan sì rèé lórí tábìlì, èyí tí Bàbá ń pariwo pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Kí lẹ rò pé ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ fún àlejò yóò ṣe? Màmá da ẹ̀gúsí sí i. Òróró ń bẹ nínú ẹ̀gúsí, àyè tó wà láàárín eyín náà sì há gan-an, torí kọfí tó kúnná bí àtíkè ni Bàbá ń fi í lọ̀. Kò pẹ́ tó fi lẹ̀ pọ̀ tó di àmọ̀, kò jáde mọ́, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Màmá wá ṣe ohun tí gbogbo obìnrin tó ti gbé ata lọ sẹ́nu ẹ̀rọ rí yóò ṣe. Wọ́n bu omi sí i.

Níwájú alọta, omi ni oògùn. Ata tó bá há, omi ló ń lé e jáde. Bí a bá lọ̀ ọ́ tán, a tún máa ń bu omi ṣan ẹnu ẹ̀rọ kí èyí tó kù síbẹ̀ lè bọ́ sínú abọ́ wa, kí ẹni tó tò sẹ́yìn má baà jogún rẹ̀. Màmá kò ṣe òmùgọ̀, ìmọ̀ ni wọ́n lò. Ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n mọ̀. Irin líle ni wọ́n fi ṣe eyín ọlọ kọfí, wọ́n sì pọ́n ọn kó mú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irin bẹ́ẹ̀ kò bá omi ṣọ̀rẹ́. Bí omi bá wọ ibẹ̀ tí a kò tú u, tí a kò nù ún, ìpẹtà ló kàn.

Bàbá bínú. Wọ́n ní Màmá ba nǹkan àwọn jẹ́. Ẹ̀yìn Màmá ni mo wà lọ́jọ́ náà, n kò tíì kúrò níbẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ tó bá ọlọ náà wá, inú àpótí ìwé Bàbá ló wà, níbi tí lẹ́tà ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ àti ìwé-ẹ̀rí wọn wà. Wọn kò kà á sétí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fi gbogbo ayé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n gbàgbé láti kọ́ ará ilé. Ilé ìdáná kì í ṣe ilé ìwé tí a ń ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyàwó ń wọ ibẹ̀, ọmọ-ọmọ ń wọ ibẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ ń wọ ibẹ̀, ebi sì ń pa gbogbo wọn. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá mọ ohun tí ẹ̀rọ kan kò gbọdọ̀ jẹ, ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ sí ìpàdé ni ẹ̀rọ yẹn yóò jẹ ẹ́.

Wọn kò sì tú u. Wọ́n dorí rẹ̀ kodò, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e sóòrùn lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yá ó tún yí, Bàbá sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo mu kọfí wọn lẹ́yìn náà. Òróró ẹ̀gúsí tó ti kan ló kọ́kọ́ kí mi nímú, adùn irin ló tẹ̀ lé e lórí ahọ́n. Kọfí fúnra rẹ̀ ní òróró tirẹ̀, èyí tó bá kù sínú ọlọ á sì máa kan bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, kódà láìsí ẹ̀gúsí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi ń tú eyín rẹ̀ lóòrèkóòrè, tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, tí omi kì í dé ibẹ̀. Bàbá bi mí pé báwo ló ṣe rí. Mo ní ó lágbára, sà. Kí ni kí n sọ? A kì í jókòó sí pálọ̀ àgbà ká sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n fi ṣe wá lálejò kò ṣeé mu.

Ìyá Ẹlẹ́rọ ló sọ ọ́. Àwọn ló ni ẹ̀rọ tó já bẹ́líìtì lọ́jọ́ ẹ̀gúsí, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n sì ti jogún iṣẹ́ náà. Wọ́n wá kí Bàbá kú àjọ̀dún, ọlọ ń dún lọ́wọ́ nínú ilé ìdáná. Wọn kò tíì jókòó tí wọ́n fi yà síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ pa á ná."

"Kí ló dé?"

"Eyín rẹ̀ ń gbára wọn lápá kan. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń há, tó ń tú, tó tún ń há?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ̀rọ Amẹ́ríkà nìyí, kì í ṣe irú tìkòríta. Ìyá Ẹlẹ́rọ ní, "Ṣé irin kọ́ ni, sà?" Wọ́n ní kí wọ́n wá súkúdiréfà fún àwọn.

Ìdè mẹ́ta ló di òrùka òkè mú. Ìyá tú wọn, wọ́n kó wọn sínú ìdérí agolo mílíìkì kí wọ́n má baà sọnù, wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ kan òrùka náà díẹ̀, ó jáde. Ẹ̀gúsí ti gbẹ sáàárín eyín, ó le koko, kọfí ti lẹ̀ mọ́ ọn lára di dúdú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ìpẹtà wà, ó pupa fòò, ó ti jẹ orí eyín mélòó kan tó tẹ̀ léra. Ìyá tẹ́ bébà funfun sílẹ̀, wọ́n fi èékánná ha ibẹ̀, ìyẹ̀fun pupa bọ́ sórí rẹ̀. Wọ́n sún bébà náà sí iwájú Bàbá, wọn kò sọ nǹkan kan. Màmá ló sọ̀rọ̀. "Ohun tí ẹ ń mu nìyẹn."

Mo tẹ̀ lé Ìyá Ẹlẹ́rọ dé ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ yẹn, torí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Ògbólógbòó eyín ẹ̀rọ kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn ọmọ tó ń ra àkúfọ́ irin ni yóò wá kó wọn. Ìyá gbé ọ̀kan tuntun lé ọwọ́ ọ̀tún mi, wọ́n gbé èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lé òsì. Ti òsì fúyẹ́ gan-an, ìlà eyín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, etí rẹ̀ ti tín-ínrín. Mo bèèrè pé níbo ni ìyókù irin náà wà. Ìyá wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́."

Òótọ́ ni. Àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà àti ní Ghana ti wọn irin tó ń bọ́ láti ara eyín ẹ̀rọ sínú ata, àgbàdo àti ẹ̀wà, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn. Ara wa nílò irin díẹ̀, ṣùgbọ́n ayùn irin kọ́ ló nílò. Eyín tí wọ́n yọ́ láti ara àkúfọ́ irin mọ́tò máa ń tètè jẹ ju èyí tí wọ́n fi irin tó dára ṣe lọ. Ìgbà tó ń bọ́ jù ni ìgbà tí eyín ṣì tuntun tí ojú méjèèjì kò tíì mọ ara wọn, àti ìgbà tí alọta bá fún un jù, tàbí tó jẹ́ kó máa yí lófo tí irin ń jẹ irin. Ìyá Ẹlẹ́rọ kò ka ìwé kankan nípa èyí, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Bí wọ́n bá pààrọ̀ eyín, àgbàdo tí kòkòrò ti jẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ̀, wọn a dà á nù. Ẹ̀rọ èlùbọ́ wọn kì í gba ata, ẹ̀rọ ata wọn kì í gba èlùbọ́, ẹni tó bá sì ń kánjú, tó ní òun kò kọ̀ kí èlùbọ́ òun ta díẹ̀, wọn a ní kó máa gbé e lọ síbòmíràn. Àwọn kan máa ń fi màgnẹ́ẹ̀tì la inú èlùbọ́ tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo kọjá kí wọ́n tó rò ó. Mo ti dán an wò. Ẹ dán an wò nílé yín, kí ẹ wo ohun tí yóò lẹ̀ mọ́ ọn.

Irin nìkan kọ́ ni ọlọ ń fúnni jẹ, ibẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ti kọjá ẹ̀rín. Ohun tó bá kọjá nínú ọlọ lánàá lè wà nínú oúnjẹ òní. Ní ayé ọlọ òkúta, ìdílé tó ń ṣe oògùn kì í gbé e sórí ọlọ ọbẹ̀; ọlọ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọmọdé kì í sì dé ibẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010 jẹ́ ká mọ ohun tí àwọn ìyá wa ń sá fún. Owó góòlù gòkè lágbàáyé, àwọn ará abúlé tó wà ní agbègbè Anka àti Bukkuyum bẹ̀rẹ̀ sí í wa òkúta góòlù, wọ́n ń kó o wálé. Irú ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ òkúta náà, nínú agbo ilé, níbi tí ọmọ ń rá, tí ìyá ń dáná. Òjé kún inú òkúta ọ̀hún. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀, ó bo ìkòkò, ó bo ọwọ́ ọmọ tó ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni àwọn dókítà Médecins Sans Frontières gbọ́ pé ọmọdé ń kú, gìrì ń mú wọn, wọ́n rò pé ibà ni. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, òjé ló wà níbẹ̀, ó pọ̀ kọjá ohun tí ara ọmọ lè gbà. Abúlé Yargalma àti Dareta ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ó lé ní irínwó ọmọ tó kú. Wọ́n ní láti ha erùpẹ̀ kúrò nílẹ̀ agbo ilé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kó mìíràn sí i, kí ìtọ́jú tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó kù tó lè wúlò. Àfi ìgbà tó di 2013 kí wọ́n tó fọ Bagega, abúlé mìíràn níbẹ̀, mọ́.

Àwọn òbí wọ̀nyẹn kì í ṣe ìkà, wọn kò sì ya ọ̀lẹ. Ẹ̀rọ wà nílé, iṣẹ́ dé, wọ́n lò ó. Bí Màmá ti ṣe pẹ̀lú ẹ̀gúsí náà nìyẹn, àfi pé ohun tí Màmá da sínú ọlọ kì í pa èèyàn.

Nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí a lọ̀ ló ní májèlé, ọwọ́ ẹni tó tún ọlọ ṣe ni. Ní abúlé àwọn Lárúbáwá kan ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, inú rírun àti àìlẹ́jẹ̀ dá àwọn èèyàn wó, ìdílé lẹ́yìn ìdílé. Àwọn dókítà wá ìdí rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ọlọ tí gbogbo abúlé ti ń lọ ọkà. Ọlọ òkúta ni, àwọn tó ni ín sì ti yọ́ òjé sí ìdí rẹ̀ kí irin tó ń yí i lè dúró gbọin. Òjé ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ó ń bọ́ sínú ìyẹ̀fun, wọ́n ń fi í ṣe búrẹ́dì. Wẹ́dà tó bá ti sọ fún yín rí pé òun á fi nǹkan dí ihò ara ẹ̀rọ yín, ẹ bi í léèrè kí ni nǹkan náà.

Mo sọ gbogbo èyí fún Bàbá Tíṣà. Wọ́n gbọ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n lọ gbé ìwé pẹlẹbẹ náà jáde nínú àpótí. Àwọn àti Màmá jọ kà á lórí tábìlì ní ọ̀sán gangan, Bàbá ń túmọ̀, Màmá ń bèèrè ìbéèrè tí Bàbá kò rí ìdáhùn sí. Ará àdúgbò kan ti ní kí wọ́n da ìrẹsì tútù sí ọlọ náà kó fi gbá inú rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà kọ̀ ọ́: ìrẹsì tútù le ju kọfí tí a ti yan lọ, ó lè há mọ́tò. Ìwé náà tún ní kí wọ́n ṣọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó máa ń bá kọfí wá, èyí tí wọ́n bá sá sórí ilẹ̀ pàápàá, torí òkúta kan ṣoṣo tó láti ká eyín. Màmá ní èyí kò ju agbára àwọn lọ. Àwọn ló ń ṣa kọfí Bàbá báyìí lórí àtẹ tí wọ́n fi ń ṣa ẹ̀wà, òkúta tí wọ́n sì ti rí nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Eyín tuntun dé láti Houston. Ìyá Ẹlẹ́rọ ló wá dè é, wọ́n ń yí i lọ́wọ́, wọ́n ń gbọ́ ọ, títí dídún rẹ̀ fi dọ́gba yíká. Màmá gba ọlọ kékeré tiwọn, olówó pọ́ọ́kú, tó wà fún ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ. Ìyẹn ni wọ́n fi parí ìjà.

Bàbá mú owó lọ fún Ìyá Ẹlẹ́rọ. Ìyá kò gbà á. Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi kọ ọjọ́ tí mo pààrọ̀ eyín sí ara ògiri yìí. Àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, bí mo bá bi wọ́n, irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi." Bàbá lọ ra ṣọ́ọ̀kì. Wọ́n fa ìlà sí méjì bí ti pátákó kíláàsì, wọ́n kọ ATA sí apá kan, ÈLÙBỌ́ sí apá kejì, wọ́n kọ ọjọ́ sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ẹlẹ́rọ kò rò ó pé àwọn oníbàárà náà yóò máa kà á. Láìpẹ́ yìí obìnrin kan gbé èlùbọ́ dé, ó wo ògiri, ó ka oṣù lórí ìka, ó gbé igbá rẹ̀ padà sórí. Ó ní bí wọ́n bá ti pààrọ̀ rẹ̀, òun ó padà wá. Ìyá bínú sí Bàbá títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ní Bàbá ti fi ìwé lé oníbàárà àwọn lọ. Bàbá ní kí wọ́n wá nu ún kúrò ná. Ìyá kò nu ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti rán ọmọ lọ ra eyín tuntun.